Ṣé ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì tó láti di onímọ̀ ààbò ìtànṣán?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ilé ìyàwòrán X-ray kan nítòsí Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. HND físíìsì ni mo ní. Ẹnì kan ní kí n wá sanwó ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì, pé ìwé-ẹ̀rí tí òun máa fún mi yóò sọ mí di Certified Health Physicist (onímọ̀ ààbò ìtànṣán, ìyẹn radiation, tó ní ìwé-ẹ̀rí), màá sì rí iṣẹ́ ṣe ní Amẹ́ríkà. Ṣé òótọ́ ni? — Káyọ̀dé

ÌDÁHÙN: Káyọ̀dé ọmọ mi, má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì wúlò, èmi náà ti kọ́ àwọn èèyàn ní irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n oyè tí wọ́n fi ń tàn ọ́ yẹn kò sí nínú rẹ̀.

American Board of Health Physics ló ń fúnni ní oyè náà. Dìgírì yunifásítì nínú sáyẹ́ǹsì tàbí iṣẹ́ ẹ́ńjiníà ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè, lẹ́yìn náà ọdún mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, tí mẹ́ta nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ààbò ìtànṣán gan-an. Master's lè dín ọdún kan kù níbẹ̀, oyè ọ̀mọ̀wé lè dín méjì. Ìdánwò alápá méjì tún wà níbẹ̀. Ẹni tí kò ní dìgírì ní ọ̀nà tirẹ̀ sí oyè mìíràn lọ́dọ̀ National Registry of Radiation Protection Technologists ti Amẹ́ríkà: ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ girama, ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́, àti ìdánwò.

Ọ̀rọ̀ ọdún iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ kí o fọkàn sí, torí òun lowó kò lè rà. Kì í ṣe kí o kàn jókòó sílé iṣẹ́. Ṣé o ti fi ẹ̀rọ wọn ìtànṣán lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá X-ray yín? Ṣé o mọ iye ìtànṣán tí báàjì ara rẹ, èyí tí òṣìṣẹ́ ń fi kọ́ aṣọ láti wọn ìtànṣán tó ń gbà, gbà ní oṣù mẹ́ta tó kọjá? Mo ti dé ilé ìwòsàn kan rí tí báàjì gbogbo òṣìṣẹ́ wà nínú dúrọ́ọ̀, ó ká mi lára gan-an. Báàjì tó wà ní dúrọ́ọ̀ kò lè sọ ohun tó wọ ara ẹnikẹ́ni. Ìlànà Nàìjíríà tọdún 2003 kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ gbà ju 20 millisievert (òṣùwọ̀n ìtànṣán tó wọ ara) lọ lọ́dún, tí a bá pín in dọ́gba sórí ọdún márùn-ún. Ará ìlú, 1 péré.

Bí wọ́n bá ní kí o máa ya aláìsàn ní X-ray, jọ̀wọ́ kọ̀. Iṣẹ́ radiographer tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin nìyẹn.

Nílé níbí, Nigerian Nuclear Regulatory Authority ní Abuja, tí òfin ọdún 1995 dá sílẹ̀, ló ń fún ilé X-ray ní láísẹ́ǹsì. Kọ̀wé sí wọn, béèrè ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí. Ní ti dìgírì, FUTA kò jìnnà sí ọ, ẹ̀ka físíìsì wà níbẹ̀. Wádìí bóyá HND rẹ lè gbé ọ wọlé nípasẹ̀ Direct Entry.

Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ pé ta ni Radiation Safety Officer yín, ìyẹn ẹni tó ń bójú tó ààbò ìtànṣán níbẹ̀, kí o ní kí onítọ̀hún jẹ́ kí o máa tẹ̀ lé òun nígbàkigbà tó bá ń wọn ìtànṣán. Bí kò bá sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn níbẹ̀, wá ibòmíràn lọ.