Èsì: Ṣé kí n ṣì máa gbé mọ́tò láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sọ́dọ̀ àwọn tó tà á fún mi l'Ékòó láti pààrọ̀ ọ́ìlì?

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má lọ mọ́ nítorí ọ́ìlì lásán. Ẹ ní mọ́tò náà ti pé ọdún 8, wárántì (ìlérí pé wọ́n á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tó bá bàjẹ́ láàárín àkókò kan) sì ti tán. Mẹkáníìkì gidi nítòsí yín lè ṣe é. Ká ní wárántì ṣì wà ni, mà á ní kí ẹ máa lọ, kí ẹ sì máa tọ́jú rìsíìtì.

Ẹ fúnra yín ra ọ́ìlì àti fílítà tó ń sẹ́ ìdọ̀tí inú ọ́ìlì. Ìwé tó bá mọ́tò wá ló máa sọ irú ọ́ìlì tó ń lò, bóyá 5W-30 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó). Ẹ dúró ti mẹkáníìkì náà títí tí yóò fi parí. Wọ́n ti gba owó fílítà tuntun lọ́wọ́ mi rí, ti àtijọ́ ni mo bá nínú rẹ̀. Ó dùn mí gan-an.

Fílítà afẹ́fẹ́, èyí tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, ńkọ́? Tí ọ̀nà yín bá ní eruku, ẹ tètè máa yẹ̀ ẹ́ wò.