Ta Ni Ń Jẹ́ Pirodúsà? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé Wa

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí lórí iṣẹ́ pirodúsà pọ̀ ju èyí tí ojú ewé yìí lè gbà lọ. Mẹ́ta ni mo mú nínú wọn. Ẹni tó ń lu bíìtì ló kọ ọ̀kan, ẹni tó ṣe fíìmù ló kọ èkejì, ìyá ọmọ ló kọ ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni ìdáhùn wọn forí lé: ẹni tó bá lè fi ìwé tọ́ka sí ohun tó jẹ́ tirẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí ló ń pẹ́ nídìí rẹ̀, ìbáà jẹ́ orin, ìbáà jẹ́ fíìmù, ìbáà jẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 26 ni mí, mo ní sítúdíò kékeré kan ní Mọ́kọ́lá, níbi tí mo ti ń lu bíìtì fún àwọn akọrin ìhìnrere àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ fújì láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ó wù mí kí n máa ṣe iṣẹ́ fíìmù àti ti tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní iṣẹ́ mẹ́ta kì í ṣe ti ẹnì kan, pé n óò di aláṣetì. Ṣé òótọ́ ni? — Òǹkàwé láti Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ọ̀gá rẹ rí nǹkan kó tó sọ̀rọ̀. Orúkọ kan náà, pirodúsà, ni a ń pe àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra. Nínú orin, ìwọ fúnra rẹ ni pirodúsà: ẹni tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, tó to ìlù, tó ní kí akọrin tún ẹsẹ kejì kọ, títí orin fi di odidi. Nínú fíìmù, agbéréjáde ni. Òun ló ń wá owó, òun ló ń gba olùdarí àti òṣèré síṣẹ́, ojú rẹ̀ náà sì ni gbogbo ènìyàn ń wò bí jẹnẹrétọ̀ bá dákẹ́ ní aago méjì òru tí ìran kan ṣì kù láti yà. Ní tẹlifíṣọ̀n, olóòtú ètò ni, aago ló sì jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, nítorí ètò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò gbọdọ̀ di mọ́kànlélọ́gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ kò ní í dúró de ẹni tí ètò rẹ̀ kò tíì ṣetán. Ẹni tó bá rò pé mímọ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti sọ òun di ọ̀gá nínú méjì yòókù ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ ń bá wí.

Àmọ́ pé iṣẹ́ mẹ́ta kò lè jẹ́ ti ẹnì kan, ìtàn ilẹ̀ wa kò gbè é lẹ́yìn. Hubert Ògúńdé, ọmọ Òsósà ní Ìjẹ̀bú, wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà tó gbé eré olórin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde fún ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó ní ọdún 1944. Òun ló kọ eré, òun ló kọ orin inú rẹ̀, òun náà ló kó òṣèré jọ. Nígbà tó yá, orin inú eré rẹ̀ di ohun tí a ń rà nínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ó sì ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún kó tó gbé fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, Ayé, jáde ní ọdún 1979. Kò fi ọ̀kan sílẹ̀ kó tó mú èkejì. Orí àkọ́kọ́ ló gbé èkejì kà.

Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ẹgbẹ́ olórin ló kọ́kọ́ ní, inú ẹgbẹ́ náà sì ni Sunny Adé ti ṣiṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, orí rẹ̀ ni àwọn Aláwàdà, ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀, ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, kí ọkùnrin náà tó wá gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde ní ọdún 1982. Láyé ìgbà yẹn, agbéréjáde fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé fíìmù rẹ̀ kiri, láti gbọ̀ngàn ìlú dé gbọ̀ngàn ilé-ìwé, tòun ti ẹ̀rọ tó ń fi í hàn lára aṣọ funfun. Òun tàbí ẹni tó fọkàn tán ló ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti já tíkẹ́ẹ̀tì, bí eré bá sì parí, ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ ni agolo fíìmù ń sùn, torí pé owó kékeré kọ́ ni ẹ̀dà kan péré ń jẹ, ẹni tó bá sì gbé ẹ̀dà lọ ti gbé gbogbo ọjà lọ. Síbẹ̀, wọ́n jí ti Bàbá Sàlá dà kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á kiri, gbèsè fíìmù náà sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún gbogbo ọ̀dọ́ tó bá bi mí léèrè iṣẹ́ yìí, ó sì ń dùn mí títí di òní, nítorí ọkùnrin náà mọṣẹ́ dójú àmì.

Túndé Kèlání, olùdarí fíìmù, gba ọ̀nà mìíràn. Kámẹ́rà ló kọ́ lákọ̀ọ́yé: ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, ní ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù, àti nídìí fíìmù àwọn ẹlòmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ti lé ní ogójì ọdún kó tó dá Mainframe, ilé iṣẹ́ fíìmù tirẹ̀, sílẹ̀. Ẹ wá wo ipò tí orin wà nínú iṣẹ́ rẹ̀: nínú Ṣaworoidẹ ọdún 1999, ìlù ni gbogbo ìtàn so mọ́; nínú Ayinla ọdún 2021, ìgbésí ayé Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà ará Abẹ́òkúta, ló di fíìmù. Ẹsẹ̀ kan ló kọ́kọ́ fi dúró dáadáa.

Ẹsẹ̀ tìrẹ ni ohùn, nítorí náà gba ẹnu ọ̀nà ohùn wọlé. Má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó fíìmù lọ́la. Wá olùdarí kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí o sì bá a ṣe orin abẹ́ ìran. Wàá rí i pé ohun púpọ̀ tí o mọ̀ yóò yí padà sí ọ lọ́wọ́. Àwo orin CD ń wọn ohùn ní ìgbà 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbà 48,000 ni fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n ń lò. Bí o kò bá tètè ṣètò rẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò ti yí i, ó sì lè bà á jẹ́. Ìlù lọ́tọ̀, gìtá lọ́tọ̀, ohùn ènìyàn lọ́tọ̀ ni kí o kó fún olóòtú ohùn, má ṣe pò ó mọ́ra wọn, nítorí ó lè fẹ́ kí ìlù dákẹ́ níbi tí ìyá ń sunkún.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó kọ́ iṣẹ́ nínú fídíò àwọn òyìnbó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í mọ̀. Ohùn ni èdè wa ń gbé kiri, ìlù dùndún sì ń sọ ọ̀rọ̀. Bí o bá fi gángan sí abẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèré, ènìyàn méjì ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àgbàlagbà tó ń wo fíìmù rẹ yóò sì máa gbọ́ ti onílù, òwe tí òṣèré ń pa yóò bọ́ mọ́ ọn létí. Mo ti rí ìran kan tí ọba ń bínú nínú rẹ̀, tí ìlù abẹ́ rẹ̀ sì ń ki oníyàwó tuntun. Jẹ́ kí onílù wá sí sítúdíò, fi ìran náà hàn án, kí o bi í léèrè ohun tó fẹ́ sọ.

Lẹ́yìn fíìmù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wàá ti mọ bí a ṣe ń ná owó ọjọ́ kan níbi iṣẹ́ àti ìdí tí ọjọ́ mẹ́wàá fi ń di mẹ́rìnlá. Ìgbà yẹn ni kí o wá sọ fún ọ̀gá rẹ pé o ti múra tán. Kí o tó dé ibẹ̀, ka ìdáhùn tó tẹ̀lé èyí, nítorí ó kan bíìtì tìrẹ náà.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbé fíìmù kan jáde lọ́dún tó kọjá, mo sì fi orin akọrin kan ládùúgbò wa sí i. Tẹ̀rín-tọ̀yàyà ló fi gbà, mo fún un lówó díẹ̀, a kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Nígbà tí mo gbé e sórí YouTube, ilé iṣẹ́ kan tí n kò mọ̀ rí ní àwọn ló ni orin náà, owó tó ń wọlé sì ti ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Ṣé akọrin yìí lù mí ní jìbìtì ni, àbí èmi ni mo jalè? — Obìnrin agbéréjáde, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Aǹtí wa, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin méjèèjì má mọwọ́ mẹsẹ̀. Orin tí a ti gbà sílẹ̀, nǹkan méjì ni lójú òfin. Èkíní ni orin fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ àti ohùn tí ẹni tó kọ ọ́ ronú jinlẹ̀ kó jọ. Èkejì ni ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní sítúdíò lọ́jọ́ kan báyìí. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tó lè ni èkíní, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó lè ni èkejì, àṣẹ àwọn méjèèjì sì ni agbéréjáde nílò. Bóyá akọrin yín ti fọwọ́ sí ìwé fún ilé iṣẹ́ kan tó ń bá a pín orin rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé orin òun ṣì jẹ́ ti òun láti fi ta ènìyàn lọ́rẹ. Ẹ̀rọ YouTube tó ń fetí sí fídíò kò rí ẹ̀rín tó rín sí yín. Orin tí wọ́n ti fi ṣe àpẹẹrẹ fún un ló ń wá kiri, ibi tó bá sì ti gbọ́ ọ, ẹni tó forúkọ sílẹ̀ pé òun ló ni ín ló ń darí owó sí.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Eré tẹlifíṣọ̀n ọlọ́sẹ̀ mẹ́tàlá kan ni mò ń ṣe ohùn fún, mo sì bá akọrin kan sọ ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ nídìí abọ́ àmàlà, ó ní kí n máa lò ó lọ. Ilé iṣẹ́ tó ti ra ohùn náà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ̀wé lẹ́yìn tí apá kẹrin jáde, wọ́n sì ní kí a yọ orin náà kúrò. Ìgbà tí a fẹ́ yọ ọ́ ni ojú tó tì mí jù, nítorí mo ti po orin àti ọ̀rọ̀ òṣèré pọ̀ sínú tẹ́ẹ̀pù kan ṣoṣo láìtọ́jú èyí tó dá wà. Bí a ṣe ń yọ orin ni ọ̀rọ̀ ń bá a lọ. Òṣèré àgbà kan ní láti tún wọ mọ́tò láti Iléṣà wá, kó wá sọ ìṣẹ́jú mẹ́ta ọ̀rọ̀ tó ti sọ dáadáa tẹ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì dà bí ti àkọ́kọ́ mọ́.

Ohun tí ẹ óò ṣe báyìí nìyí. Ẹ lọ bá akọrin náà láìjà, ẹ béèrè ìwé tó fọwọ́ sí àti orúkọ ẹni tó ń bá a pín orin rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó ṣì ní àṣẹ lórí rẹ̀, kí ó kọ lẹ́tà fún wọn pé òun fún yín láyè, kí ẹ̀yin náà sì fi ìwé yín ta ko ẹjọ́ náà lórí YouTube. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni olùpẹ̀jọ́ ní láti dáhùn. Bó bá jẹ́ pé ó ti tà á tán, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ náà ni ẹ ti máa gba àṣẹ, tàbí kí ẹ fi orin mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Nínú ìwé tí ẹ óò máa kọ láti ìsinsìnyí lọ, ẹ dárúkọ orin, ẹ dárúkọ fíìmù, ẹ sọ ibi tí yóò ti jáde, sinimá ni, tẹlifíṣọ̀n ni, tàbí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ iye ọdún àti iye owó, kí ẹni tó ni orin àti ẹni tó ni ohùn tí a gbà sílẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà yóò di ìgbàgbé: òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti Nàìjíríà ọdún 2022 dáàbò bo orin títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́, ó sì fún ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní 50 ọdún. Ọmọ ọmọ akọrin yẹn lè wá bá ọmọ ọmọ yín. Ìwé kan náà yìí ni kí ẹ bá olùdarí, ẹni tó kọ ìtàn àti àwọn òṣèré ṣe, nítorí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó bá fẹ́ ra fíìmù yín yóò béèrè rẹ̀ kó tó béèrè nǹkan mìíràn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ó ní pirodúsà lòun fẹ́ jẹ́. N kò rí i kó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. — Ìyá ọmọ, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú àmójútó. Kúnlé Afọláyan, olùdarí fíìmù, náà ṣiṣẹ́ báńkì kó tó gbájú mọ́ fíìmù, ṣùgbọ́n ó ti dúró níwájú kámẹ́rà Kèlání nínú Ṣaworoidẹ ṣáájú ìgbà náà, ilé Adé Love, bàbá rẹ̀ tó ń gbé fíìmù jáde, ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ó sì tún lọ kẹ́kọ̀ọ́ nílùú New York. Ilé-ẹ̀kọ́ dára, ẹni tí kò bá lè lọ, kí ó lọ dúró ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe bi ọmọ yín léèrè iye tó ti pa ní oṣù mẹ́jọ. Ẹ bi í léèrè ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ láàárọ̀, kí ẹ sì ní kí ó fi ìwé tó ń kọ ìnáwó sí hàn yín: oúnjẹ òṣèré, epo jẹnẹrétọ̀, owó mọ́tò, orúkọ ẹni tó gba owó àti ibi tó fọwọ́ sí. Ẹni tó ti inú báńkì wá yẹ kó mọ èyí ju akẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ìwé náà bá wà, tí ọjọ́ inú rẹ̀ kò sì fò, ẹ ṣì fi oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ pamọ́ dè é fún ọdún kan sí i.