Mo ti pààrọ̀ oxygen sensor, iná check engine tún tàn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, Camry Pencil Light ni mo sì fi ń lọ fi ń bọ̀ láti Obantoko. Iná check engine tàn. Mẹkáníìkì mi yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kọ́ọ̀dù P0135 ló gbé jáde, pé oxygen sensor ti kú. Mo ra tòkunbọ̀, ó bá mi dè é, ọjọ́ kejì iná tún tàn. Epo tí mọ́tò ń mu kò sì dín. Ṣé kí n tún ra òmíràn ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó kankan, mà. P0135 kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ kú. Híítà tó wà nínú sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́, èyí tó sún mọ́ ẹ́ńjìnnì, ló ń fi sùn. Ó lè jẹ́ pé híítà yẹn ti já. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe é, iná ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀ yìí ló ń gbọ́ òórùn èéfín fún kọ̀ǹpútà mọ́tò kó lè mọ iye epo tó máa bù, kì í sì gbọ́ ọ dáadáa àfi tó bá gbóná tó nǹkan bí 300 dígírì. Kó tó gbóná, ńṣe ni kọ̀ǹpútà mọ́tò ń fojú bu epo, ó sì sábà máa ń bù ú jù. Híítà ló ń jẹ́ kó tètè gbóná. Ẹni tó ń sún kẹrẹ fà kẹrẹ ní Adátán láàárọ̀, tó sì pa mọ́tò ní Ìtòkú láìpẹ́, irú wọn ni híítà tó kú ń jẹ lówó jù.

Fíúùsì ni kí mẹkáníìkì yín kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn náà kó fọwọ́ tọ wáyà sẹ́ńsọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ páìpù èéfín ló ń gbà kọjá. Tí kílíìpù tó dì í mú bá já, orí irin gbígbóná ni yóò sùn lé. Mo rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀ láìpẹ́ yìí: rọ́bà ti yọ́ kúrò lára wáyà méjì, bàbà inú wọn ń kan ara wọn, fíúùsì sì jó. Sẹ́ńsọ̀ méjì ni ẹni tó ni mọ́tò ti rà kó tó gbé e wá.

Tí wáyà bá dá ṣáṣá, kó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, kó fi mítà wọn wáyà méjì tí àwọ̀ wọn bára mu, híítà nìyẹn. Dúdú méjì ni lára Denso, funfun méjì ni lára Bosch. Irú èyí tí Toyota ń lò sábà máa ń wà láàárín 11 sí 16 ohm. Tí mítà bá kọ OL, ìyẹn ni pé iná kò lè gba inú rẹ̀ kọjá, híítà ti já, ẹ ra tuntun. Tí nọ́ńbà bá dára, kó ṣí kọ́kọ́rọ́, kó wo sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wá láti ara mọ́tò bóyá iná 12 volt wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, sẹ́ńsọ̀ mẹ́wàá kò lè pa iná check engine yẹn. Rewáyà ni kẹ́ ẹ wá.

Ẹ tún bi í bóyá ó gé wáyà tòkunbọ̀ náà, tó lọ́ ọ pọ̀, tó fi téèpù dì í. Ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ yìí ń fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé láti inú wáyà rẹ̀ gan-an. Tí wọ́n bá fi òjé jó o tàbí fi gírísì dí i, kò ní rí afẹ́fẹ́ fà. Èmi kì í de tòkunbọ̀ sẹ́ńsọ̀ fún oníbàárà. Ta ló mọ ọdún tó ti lò nínú èéfín ẹlòmíràn?

Tó bá di pé kẹ́ ẹ ra tuntun, kí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ kó tó fi sípánà 22 tú ti àtijọ́, kí ojú ìdè má baà bó. Kò gbọdọ̀ fi góòmù sílíkónì kan tuntun náà rárá, ó ń pa á. Kó pa kọ́ọ̀dù rẹ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kí mọ́tò sùn mọ́jú, kẹ́ ẹ sì fi ná ọjà bí ẹ ṣe máa ń ṣe fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ fi nọ́ńbà tí mítà bá kọ ránṣẹ́ sí mi.