Ọ̀gá ní kò sí àyè fífún ọmọ lọ́mú: ṣé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀ ni?

Ìbéèrè: Àǹtí lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa, ní Àbújá, ni mò ń gbé, ilé iṣẹ́ aládàáni kan ní Wuse ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ mi, Tìmí, ti lé ní oṣù méjì. Ọ̀gá mi ní kí n wọlé ní Mọ́ńdè, pé kò sí àyè pé mò ń lọ fún ọmọ lọ́mú lọ́dọ̀ àwọn. Ìyá ọkọ mi, tó ti Ìṣẹ́yìn wá bá mi wẹ ọmọ, ní ojú òun kọ́ ni wọ́n máa gbé ọmọ-ọmọ òun fún ọmọ-ọ̀dọ̀. Ọkọ mi kàn ń tẹ fóònù. Ṣé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀ ni? (Ìyá Tìmí)

Ìdáhùn: Ìyá Tìmí, ẹ kú ọwọ́ lómi o. Ẹ má kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ kankan ná.

Ọ̀gá yín ṣì í. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, Labour Act, abala 54, sọ pé ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ní ẹ̀tọ́ sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, láàárín àsìkò iṣẹ́. Abala yẹn kan náà ló fún yín ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ àti 6 lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ìdajì owó oṣù, ó kéré tán, bí ẹ bá ti lo oṣù 6 níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tiẹ̀ sàn jù wá lọ: ọ̀sẹ̀ 16 ni tiwọn, owó wọn á sì pé.

Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ò lè gbé ẹnikẹ́ni láti Wuse dé Kubwa kó tún padà, àfi ẹni tó bá ní ìyẹ́. Torí náà, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kí wọ́n so méjèèjì pọ̀, kí ẹ máa kúrò ní aago mẹ́rin dípò márùn-ún. Síso méjèèjì pọ̀ yẹn ni ẹ máa bẹ̀bẹ̀ fún, òfin ò pa á láṣẹ. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ẹ̀ẹ̀mejì fúnra rẹ̀, ẹ ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ so ìwé ìbí ọmọ mọ́ ọn, kí wọ́n sì buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín pé àwọn ti gbà á. WhatsApp ò tó.

Ó wá ku Màmá. Ẹ tún ọ̀rọ̀ wọn gbọ́ dáadáa: ṣé wọ́n ní kí ẹ má ṣiṣẹ́ ni, àbí kí ẹ má gbé ọmọ fún àjèjì? Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ẹ bi wọ́n pé níbo ni ọkọ yín wà nígbà tí wọ́n ń ná ọjà. Ẹ̀yìn wọn ni! Iṣẹ́ tiwọn gba ọmọ mọ́ra, tiyín ní géètì. Bí wọ́n bá lè dúró di oṣù díẹ̀ sí i, ẹ kò nílò ọmọ-ọ̀dọ̀ báyìí. Ọkọ yín ni kó bẹ̀ wọ́n, kó gbé fóònù sílẹ̀. Ìyá ẹ̀ ni.

Bí ọ̀gá bá kọ̀ jálẹ̀, a óò gbé e lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ kó tó kan kóòtù. Ẹ fi lẹ́tà náà hàn mí kí Mọ́ńdè tó pé.