"Bí ògiri kò bá lanu": ṣé pípa ẹnu mọ́ ni òwe yìí ń kọ́ wa?

Arábìnrin kan tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí ó sì wọ ilé ọkọ sí Kétu ní ilẹ̀ Benin, ni ó fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Èdè-àìyedè kan bọ́ sí àárín òun àti ọkọ rẹ̀, ó sì mú ọ̀rọ̀ náà dé iwájú baálé. Kò tíì rò ó dé ìdajì tí baálé fi pa òwe fún un pé, "Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀." Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, ìjókòó sì túká. Ó wá ń béèrè bóyá ìtumọ̀ òwe náà ni pé kí obìnrin máa gbé ìbànújẹ́ mì kí ilé má baà dàrú.

Rárá o. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún baálé yín, òwe náà bọ́ sí ibi tí kì í ṣe àyè rẹ̀. Ògiri alámọ̀ ni àwọn tó kọ́kọ́ pa á ń wò. Ẹni tí ó bá dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ògiri lè sán nítorí pé wọn kò po amọ̀ rẹ̀ dáadáa, tàbí nítorí pé òjò ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, tàbí nítorí pé oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn pa á jù. Aláǹgbá kọ́ ni ó la ògiri. Ó kàn rí àyè ni. Ohun tí a sì ń ṣe sí ògiri tó sán ni pé kí a wò ó, kí a fi ọwọ́ kan ibẹ̀, kí a po amọ̀ tuntun, kí a dí i, kí a sì rẹ́ ojú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹní bo ojú ibi tí ó sán, ibùgbé tútù ni ó ṣe fún aláǹgbá.

Mo máa ń sọ pé kò yẹ kí òwe yìí ṣòro fún ará Kétu. Ògiri àti yàrà ni wọ́n fi yí ìlú náà ká láyé ogun, síbẹ̀ wọ́n dá ẹnu-ọ̀nà sí i, èyíinì ni Àkábà Ìdènà tí ó wà níbẹ̀ títí di òní. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn: ẹnu-ọ̀nà. Ògiri tí ń dáàbò bo ènìyàn náà ní ẹnu, ṣùgbọ́n ẹnu tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ni, tí ó ní ìlẹ̀kùn, tí ẹnìkan sì ń ṣọ́. Èyí tí òwe ń kìlọ̀ fún wa ni ẹnu tí kò ní oníbodè. Ogun Dàhòmì fọ́ Kétu ní 1886, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí Abọ́mẹ̀, olú-ìlú Dàhòmì, bọ́ sọ́wọ́ àwọn Faransé ní 1892 ni àwọn tó ṣẹ́kù padà wá tún ìlú wọn tẹ̀ dó. Púpọ̀ nínú ògiri ti wó, ṣùgbọ́n ìdílé márùn-ún tí oyè Alákétu ń yí láàárín wọn ṣì mọ ara wọn.

Nínú ẹbí, ibo ni ó máa ń sán? Nígbà púpọ̀, ibi tí ọmọ ìyá àti ọbàkan ti pàdé ni. Òfin ẹbí tí ilẹ̀ Benin gbé jáde ní 2004 kò ka ìgbéyàwó mìíràn kún ju ti ọkọ kan aya kan lọ, síbẹ̀ ọmọ orogún ṣì ń dàgbà pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé wa. Nǹkan kékeré ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ta ni a san owó ilé-ìwé rẹ̀, ta ni a kò kí nígbà tí ó bímọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ ọ́, a ó ní ilé tòrò. Àwọn àgbà sì ti fèsì sí èyí: ilé tó bá tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà. Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí àlàáfíà.

Nítorí náà, àwọn ẹbí tí mo rí tí ọkàn wọn balẹ̀ kì í ṣe àwọn tí kì í jà. Àwọn tí wọ́n ní ẹnu-ọ̀nà ni. Wọ́n ní ìjókòó ẹbí tí a ti ń jẹ́ kí ẹni tó kéré jù sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ní ìyáálé tí ìyàwó lè wọ yàrá rẹ̀ lálẹ́. Wọ́n ní ọmọbìnrin ilé tí ó ti lọ sílé ọkọ, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ní ìwúwo bí ó bá wálé. Mo fi oríkì kún un, bí ó tilẹ̀ lè jọ ẹni tó ń rò ó láròjù. Ọmọ tí ó kúnlẹ̀ lówùúrọ̀ tí ìyá àgbà sì ń kì í, tí ó gbọ́ orúkọ àwọn tó ti lọ lórí ara rẹ̀, mọ̀ pé òun ní àyè nínú ilé náà. Bí inú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́, ó lè sọ ọ́, nítorí kò bẹ̀rù pé wọn yóò lé òun.

Ẹlòmíràn lè ní Ẹ̀fẹ̀, olórin òru inú eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ńkọ́? Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, tí wọ́n sì fi sínú ìwé ogún wọn ní 2008, kì í bo ìwà burúkú mọ́lẹ̀. Lóru, lẹ́yìn tí Ẹ̀fẹ̀ bá ti júbà àwọn ìyá wa, ó lè kọ ìwà ọkùnrin tó ń fi ebi pa aya rẹ̀ lórin lójú gbogbo ọjà. Mo gbà, ṣùgbọ́n ilé tí ó kọ̀ láti tún ògiri rẹ̀ ṣe ni ìtìjú bẹ́ẹ̀ wà fún.

Ohun tí òwe náà kọ̀ fún yín, arábìnrin wa, ni kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà sójú fóònù, tàbí kí ẹ kó o fún aládùúgbò tí kò lè po amọ̀. Kò kọ̀ fún yín láti sọ ọ́ fún ìyáálé, bẹ́ẹ̀ ni kò kọ̀ fún yín láti padà sọ́dọ̀ baálé. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé: "Bàbá, mo gbọ́ òwe yín. Ògiri ti lanu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ibi tí ó ti sán hàn yín."