Wọ́n fẹ́ fi iná tọ́jú ìyá wa: ṣé ká gbà?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá wa, ẹni ọdún 68, wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Láti ìgbà tí bàbá ti kú ni ara wọn ò ti yá mọ́. Wọ́n ti lo oògùn ìsoríkọ́ fún oṣù mẹ́ta, kò sí ìyàtọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn jù, wọn ò fẹnu kàn án. Omi pàápàá, àfi ká bẹ̀ wọ́n. Ilé ìwòsàn wá ní àwọn fẹ́ fi iná sí wọn lórí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti fẹ́ lọ buwọ́ lùwé, àbúrò màmá sì ń pariwo pé a fẹ́ jó ọpọlọ ẹ̀gbọ́n òun. Kí ni ká ṣe? Ọmọ Ìyá, Ìjẹ̀bú-Òde.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ẹ má bá àbúrò màmá jà o. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ṣẹlẹ̀ rí lóòótọ́, àmọ́ ayé àtijọ́ ni. Bó bá jẹ́ ìyá tèmi ni, mo máa gbà, bí ilé ìwòsàn bá lè dáhùn ìbéèrè kan tí mo máa kọ nísàlẹ̀.

Ẹni tó bá dàgbà létí omi bíi tèmi, lápá Ogun Waterside, mọ ẹja òjìjí. Ẹ ṣèèṣì fọwọ́ kàn án nínú àwọ̀n, apá yín á kú títí dé èjìká. Ẹja mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wà nínú òkun lápá Róòmù, ní nǹkan bí ọdún 47 lẹ́yìn ìbí Jésù sì ni oníṣègùn kan, Scribonius Largus, kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n gbé e láàyè lé orí ẹni tí ẹ̀fọ́rí ń dà láàmú. Ní 1801, Giovanni Aldini ní Bologna fi bátìrì ìgbà náà tọ́jú àgbẹ̀ kan tí ìsoríkọ́ dá wó. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ iná àti orí ti pẹ́.

Ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ ṣe fún ìyá, ọ̀dọ̀ gìrì ló ti wá. Ní 1934, Ladislas Meduna ní Budapest gbà pé wárápá àti wèrè kì í gbé inú orí kan náà. (Kò rí bẹ́ẹ̀, èmi fúnra mi ti tọ́jú ẹni tó ní méjèèjì.) Ó wá ń mọ̀ọ́mọ̀ fa gìrì sára aláìsàn, abẹ́rẹ́ káńfọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, kó tó bọ́ sórí oògùn mìíràn. Ara àwọn kan yá, àmọ́ kí gìrì náà tó dé, ìpayà bí ẹni tó fẹ́ kú á ti bo aláìsàn.

Ugo Cerletti àti Lucio Bini ní Róòmù ń wá ọ̀nà tó sàn ju ìyẹn. Cerletti lọ síbi tí wọ́n ti ń pa ẹlẹ́dẹ̀, ó rí i pé iná tí wọ́n fi ń kan ẹlẹ́dẹ̀ lórí kì í pa á. Gìrì á mú un, á dákú, ọ̀bẹ ló ń pa á. Ní oṣù kẹrin 1938 wọ́n dán an wò lára ọkùnrin kan tí wọ́n rí tó ń rìn gbéregbère ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, tí kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já gaara.

Lójú ayé ni wọ́n ń ṣe é nígbà yẹn, láìsí oorun. Iṣan á fà débi pé eegun ẹ̀yìn àwọn kan ń ṣẹ́. Àwọn ibòmíràn tún ń fi jẹ aláìsàn tó bá ń ṣagídí níyà. Ìyẹn ni fíìmù gbé káàkiri, òun náà ló wà lọ́kàn àbúrò màmá.

Èyí tí a ń ṣe báyìí: aláìsàn á sùn fọnfọn, lẹ́yìn náà la ó fún un lóògùn tó ń dẹ iṣan. A ti kọ́kọ́ de bẹ́líìtì tí a fi ń wọn ìfúnpá mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ kan, kí oògùn ìdẹ̀ṣan má baà dé ibẹ̀. Iná náà kì í ju ìṣẹ́jú-àáyá 8 lọ. Ara ò mì. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tí a dè nìkan ló ń jó wúyẹ́wúyẹ́, nọ́ọ̀sì á máa wo aago. Kó tó pé ìṣẹ́jú kan, ó máa ń dúró. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo bi ọ̀gá mi pé ṣé ó tán ni. Gìrì yẹn gan-an ni oògùn, iná kàn ṣílẹ̀kùn fún un ni.

Ìbéèrè tí mo ní kí ẹ bi wọ́n nìyí: ta ló máa fún màmá lóògùn oorun, ṣé yóò sì wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ṣe é? Bí wọ́n bá ní àwọn kì í lo oògùn oorun, ẹ má buwọ́ lùwé. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn tó tóbi. Ẹ lè kọ́kọ́ béèrè ní Arò, Abẹ́òkúta. Ẹ má fi falẹ̀ ṣá, torí ẹni tí kò jẹ tí kò mu kò lè dúró de oògùn oníhóró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mìíràn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú yìí ń tètè ràn lọ́wọ́ jù.

Ìgbà 6 sí 12 ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Orí á fọ́ màmá díẹ̀, wọ́n á dààmú fún bíi wákàtí kan bí wọ́n bá jí. Ìgbàgbé ni mi ò ní fi pamọ́ fún yín: nǹkan tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ ìtọ́jú lè parẹ́, ti àwọn kan a tún mú díẹ̀ lára oṣù tó ti kọjá. Ikú ṣọ̀wọ́n gan-an, bí 2 nínú ìtọ́jú 100,000. Bí ara wọn bá yá, wọn ò gbọ́dọ̀ pa oògùn tì, torí àìsàn náà lè padà wá.

Ẹ tún lè gbọ́ nípa wáyà tí wọ́n ń rì sínú ọpọlọ. Lóòótọ́ ni, Alim-Louis Benabid ní Grenoble ló sọ ọ́ di ìtọ́jú àrùn ìgbọ̀nrìrì láti 1987, àmọ́ kò kan ọ̀rọ̀ ìyá. Fìlà oníná tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹ fi owó yín ra ẹja.

Ẹ̀gbọ́n yín kò gbọ́dọ̀ dá buwọ́ lùwé lẹ́yìn màmá. Bí wọ́n bá ṣì ń mọ ohun tí à ń sọ, àwọn fúnra wọn ni kí ẹ ṣàlàyé fún, kí àbúrò wọn jókòó síbẹ̀. Láti ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n má jẹun. Bí wọ́n bá ní eyín àtọwọ́dá, ẹ yọ ọ́ nílé, kí ẹ tó gbéra.