"Bí ìlù bá yí padà, ijó a yí padà": ta ni òwe yìí ń bá wí?

Àbúrò kan ní Kubwa, Àbújá, ló béèrè. Techno àti amapiano, orin ijó tí ẹ̀rọ ń lù, ló ń gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ni ìyá rẹ̀ bá pa òwe yìí fún un, kò sì mọ̀ bóyá èébú ni. Ó tún fẹ́ mọ ibi tí òun lè gbà wọ inú jazz fusion (jazz tí wọ́n pò mọ́ rock àti funk), torí pé àwo tí ọ̀rẹ́ òun kọ́kọ́ fún òun gbọ́ sú òun.

Àbúrò mi, èébú kọ́. Oníjó ni òwe náà ń bá wí: òun ló gbọ́dọ̀ la etí sílẹ̀. Bó o bá dé ibi ìgbéyàwó Yorùbá kan ní Garki, wo àwọn onídùndún dáadáa. Gúdúgúdú ń dún kíkankíkan, kò yẹ̀. Àwọn omele dúró sí ojú kan náà. Ìyá ìlù ló ń yí ohùn padà. Màmá tó mọ ijó ò ní wo ojú onílù, èjìká rẹ̀ á ti gbọ́ kí ẹsẹ̀ tó gbé e. Ẹni tí kò gbọ́ á ṣì máa jó èyí tó ti kọjá lọ, àwọn tó fẹ́ náwó fún un á sì máa wojú ara wọn. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé níhìn-ín náà ń pa á: "Idan kiɗa ya canza, rawa ma sai ta canza." (Àwọn olóṣèlú Àbújá ló fẹ́ bà á jẹ́, tí wọ́n fi ń bo ẹgbẹ́ tí wọ́n fò kúrò. Ìlù ò yí rárá, ijó nìkan ni wọ́n yí.)

Nínú orin tó ò ń gbọ́, ẹ̀rọ ló ń ṣe omele, ó sì lè ṣe é títí ilẹ̀ á fi mọ́. Fusion ò lé omele yẹn lọ, ìyá ìlù ló dá padà sórí rẹ̀. Nítorí náà, ibi tí omele ti hàn kedere ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbé Bitches Brew ti Miles Davis, afunfèrè jazz (1970), fún ọ lọ́jọ́ kìíní kò ṣe ọ́ lóore, bó ti wù kí àwo náà tóbi lọ́lá tó.

Head Hunters ti Herbie Hancock, atẹpiano jazz, ni kó o kọ́kọ́ gbọ́. Ọdún 1973 ló jáde. Béèsì tó ṣí "Chameleon" kì í ṣe gìtá. Hancock fúnra rẹ̀ ló fi synthesizer (dùùrù oníná) tẹ̀ ẹ́, ARP Odyssey, ó sì ń yí po bíi ti orin house. Má fò ó o. Tó bá kù díẹ̀ kó dé ìdajì, béèsì yẹn á fi ibẹ̀ sílẹ̀, ìlù á yí, piano oníná á gba ọ̀rọ̀ sọ. Bí ara rẹ bá bá a yí láìrò ó, o ti wọlé nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, Tomorrow Comes the Harvest (2018). Tony Allen, ọmọ Èkó tó lu ìlù fún Fela nígbà kan, ló bá Jeff Mills ti techno Detroit ṣe é.

In a Silent Way ti Miles (1969) ló kàn, òun gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Tony Williams tó ń lùlù ń ta hi-hat (páànù méjì tó ń pàdé ara wọn) ní ojú kìíní àwo náà bíi gúdúgúdú, kò sinmi. Teo Macero tó bá wọn ṣe àwo náà gé téèpù, ó lẹ̀ ẹ́: apá tó ṣí ojú kejì náà ló tún fi parí rẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn DJ rẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe lónìí nìyẹn, abẹ ló fi ṣe tirẹ̀.

Má fi ẹnu fóònù gbọ́ wọn nínú ọkọ̀ Nyanya, o ò ní gbọ́ béèsì. Tí mẹ́ta yìí bá ti wọ̀ ọ́ lára, bọ́ sí On the Corner ti Miles (1972), kó o tó padà sí Bitches Brew.